Orin Inú Apá Kejì

Nílé ọkọ mi, ọmọ kankan kì í wo fíìmù tí àgbà kan nínú ilé kò bá tíì wò ó ṣáájú. Òfin Derrell nìyẹn, kì í sì í ṣe tiẹ̀ nìkan. Ọ̀pọ̀ ìdílé nínú ìjọ wa níhìn-ín ní àríwá Yútà, ní Amẹ́ríkà, ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Janelle, ìyàwó rẹ̀ tó kú, ló máa ń lọ wò ó. Bó bá ti dé, àwọn ìyá yòókù á máa pè é lórí fóònù, wọ́n á fẹ́ mọ̀ bóyá èébú wà níbẹ̀, bóyá aṣọ àwọn ọmọbìnrin inú rẹ̀ bò wọ́n. Nígbà tí Derrell gbé mi níyàwó, iṣẹ́ náà bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà, mi ò ní purọ́. Ta ni yóò kọ̀ kí wọ́n rán òun lọ jẹ gúgúrú? Ṣùgbọ́n ti ọ̀tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Apá kejì fíìmù àwọn ọmọ iléèwé girama tó máa ń kọrin ni. Kinsley, ọmọ Janelle, ọmọ ọdún méjìlá, òun àti ìyá rẹ̀ ti wo apá kìíní títí wọ́n fi mọ gbogbo orin rẹ̀ lórí, wọ́n á sì máa jó o bí wọ́n bá ń fọ abọ́. Láti ìgbà tí mo ti dé, èmi àti ọmọ yìí dà bí adìẹ tó bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. "Ẹ káàárọ̀, LaRae." "Ó dàárọ̀, LaRae." Ó parí.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ máa lọ wò ó ṣáájú?" ló bi mí. "Mọ́mì ló máa ń lọ."

"Dádì ẹ ló rán mi."

"Ẹ má wulẹ̀ wá sọ pé kò dáa o."

Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì tó jáde, mo jókòó sí sinimá, mo la ojú, mo ṣí etí. Kò sí èébú. Ọmọkùnrin kan nínú rẹ̀ fẹnu kan iwájú orí ọmọbìnrin tó ń kó ipa pàtàkì lẹ́ẹ̀kan, ó sì kọ́kọ́ tọrọ àyè. Mo ti ń yọ̀ nínú ara mi kí bàbá ọmọbìnrin náà tó mú ìyàwó tuntun wọlé. Obìnrin náà wọ bàtà pupa, ó jó oúnjẹ mọ́ ìkòkò, gbogbo ọmọ iléèwé bá tò, wọ́n ń kọ ọ́ lórin: "Ta ló ránṣẹ́ pè ẹ́ sí kíṣìnì màmá mi?"

Orin náà dùn, ìyẹn ló burú jù. Gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rín díẹ̀. Nígbà tí mo dénú mọ́tò, mo sunkún dáadáa.

Kí ni kí n wá sọ? Bí mo bá ní kò dáa, mo di ìyàwó bàbá tó fi fíìmù ìyá ọmọ du ọmọ. Bí mo bá ní ó dáa, mo ti fi pàṣán lé e lọ́wọ́ nìyẹn, tí yóò máa fi nà mí títí yóò fi lọ sí yunifásítì.

Mi ò tíì bọ́ bàtà nílé tí Marva aládùúgbò wa fi pè.

"LaRae, ṣé wọ́n fẹnu konu?"

"Iwájú orí ni, Arábìnrin Marva."

"Iwájú orí! Ibẹ̀ náà ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Nǹkan mìíràn ńkọ́?"

Kinsley dúró lórí àtẹ̀gùn, kò tiẹ̀ díbọ́n pé òun ò gbọ́. Bàbá rẹ̀ náà ń wo ojú mi tó pọ́n.

"Kò sí nǹkan mìíràn," ni mo wí. "Kò sí ohun tó lè ba ọmọ jẹ́ níbẹ̀. Ẹ kó wọn wá."

Òótọ́ ni mo sọ. Ọmọ kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà máa dùn.

Ní Sátidé, ìdajì ìjọ wa ló wà ní sinimá, Marva wà níwájú wa gan-an. Kinsley gbé jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sórí àga kan láàárín èmi àti òun, bó ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí fíìmù bẹ̀rẹ̀, ó ń jó lórí ìjókòó. Inú mi dùn. Mi ò rí eyín ọmọ náà tó bẹ́ẹ̀ rí.

Bàtà pupa wọlé. Orin bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín sọ. Marva yí ọrùn wò mí, ó sì yára yí i padà. Mi ò lè wo ọ̀dọ̀ Kinsley. Mo kàn ń bẹ Ọlọ́run pé bó bá máa kọ ọ́, kó má kọ ọ́ sókè.

Jákẹ́ẹ̀tì jábọ́ sílẹ̀. Ọmọ náà ti kúnlẹ̀ sórí àga àárín, ó kẹ̀yìn sí fíìmù, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, tòun ti bọ́tà gúgúrú, bo etí mi. Fíìmù tó ti ń dúró dè láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ wà láyé ni o. Ijó tó dùn jù nínú rẹ̀ ń lọ lẹ́yìn rẹ̀, kò bojú wò ó. Ó di etí mi mú títí orin fi parí.

"Ẹ ti gbọ́ ọ lánàá," ló wí nígbà tó gbọ́wọ́ kúrò.

"Mo ti gbọ́ ọ."

"Ẹ sì ní ká wá?"

"Ìwọ lo ti ń dúró dè é."

Ó fi ọwọ́ nu ṣòkòtò rẹ̀, ó ń rò ó. "Mọ́mì ì bá ti ní kò dáa," ló wí. "Mọ́mì ò ní jẹ́ kí n kọ irú orin yẹn sí yín láyé."

Kò padà sórí àga rẹ̀ mọ́. Ó ṣì ń pè mí ní LaRae títí dòní, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn. Mi ò fojú kan Janelle rí. Ṣùgbọ́n bí mo bá kúnlẹ̀ láti dúpẹ́, òun ni mo kọ́kọ́ ń dárúkọ, obìnrin tó tọ́ ọmọ rẹ̀ dáadáa kó tó fi í sílẹ̀ fún mi.