Àga Tí Ẹnikẹ́ni Kò Jókòó Lé

Àga méjìlá ni Ayàwòrán, ọmọbìnrin tó ń ya àwòrán àga, gbé fún ilé ìwòsàn kan, àga méjìlá náà ló sì bá nínú yàrá ìkẹ́rùsí. Wọ́n tò wọ́n ní ẹsẹẹsẹ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ọ̀rá tí wọ́n fi wé wọn lọ́jọ́ tí wọ́n kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ṣe wọ́n sì wà lára wọn síbẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko! Ó fi ìka kan ọ̀rá àga àkọ́kọ́, eruku lẹ̀ mọ́ ọn níka. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ó fẹ́ jókòó, ṣùgbọ́n inú ń bí i débi pé kò lè jókòó lé iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bí i nínú, kí ẹ má baà rò pé onínúfùfù èèyàn ni. Orúnkún ló ń dun ìyá rẹ̀. Nígbà tí ìyá náà ń wá gba oògùn ní ilé ìwòsàn yìí, bẹ́ǹṣì pẹlẹbẹ kan ló máa ń jókòó lé láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Bí wọ́n bá wá pe orúkọ rẹ̀, èèyàn méjì ni yóò ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ ní abíyá kí ó tó lè dìde. Ìyá tó bí ọmọ mẹ́fà, tó tọ́ wọn yanjú, ni wọ́n ń gbé bí àpò sìmẹ́ǹtì. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ìyá ní òun ò lọ mọ́, kí oògùn náà máa bẹ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ Ayàwòrán ti bẹ̀rẹ̀. Ó wọn ìyá rẹ̀ láti gìgísẹ̀ dé orúnkún, láti orúnkún dé ìbàdí, ó sì ya àga kan tí ìjókòó rẹ̀ ga díẹ̀, tí apá rẹ̀ gùn síwájú, kí arúgbó lè di apá náà mú kí ó sì dìde fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó jẹ́ wẹ́dà ló jó irin rẹ̀ pọ̀. Ìyá jókòó, ìyá dìde, ìyá tún jókòó. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ló ṣe é lọ́jọ́ náà, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Àjọ kan tó ń ran àwọn tó ń hùmọ̀ nǹkan tuntun lọ́wọ́ gbọ́ nípa rẹ̀. Wọ́n ní àwọn yóò ṣe ẹgbẹ̀rún irú àga bẹ́ẹ̀ fún àwọn ilé ìwòsàn, pé irú àtinúdá yìí ló ń tún ọjọ́ iwájú ṣe. Ọ̀rọ̀ tiwọn nìyẹn. Kò sí ìpàdé tí wọn kì í ti í pe ọjọ́ iwájú, bí ẹni pé ẹ̀yìnkùlé wọn ló ń gbé. Ṣùgbọ́n ike ni wọn yóò fi ṣe ẹgbẹ̀rún náà, ike sì ń fẹ́ mọ́ọ̀dù, ìyẹn irin ńlá tí wọ́n máa ń da ike yíyọ́ sí kí ó lè gba àwòrán àga. Bí wọ́n bá ti gé mọ́ọ̀dù, ó parí nìyẹn. Àṣìṣe kan tó bá wà nínú rẹ̀ yóò di ẹgbẹ̀rún àṣìṣe. Ìdí nìyí tí Ayàwòrán fi bẹ̀bẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, kí oríṣiríṣi arúgbó jókòó lé méjìlá àkọ́kọ́, kí wọ́n sọ ibi tó ń ni wọ́n lára, kí òun tún un ṣe. Ó tilẹ̀ fi ìwé kan àti báírò sílẹ̀ fún èsì wọn.

Èsì sì ń wọlé o! Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń ya fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Àga náà dára púpọ̀. Àga yìí tẹ́ wa lọ́rùn. Ọlọ́run yóò san án fún yín. Èsì mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, kò sí ẹ̀sùn kan ṣoṣo nínú wọn. Inú Ayàwòrán dùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi kíyè sí i pé ọwọ́ ẹnì kan náà ló kọ gbogbo rẹ̀. Ọ̀la sì ni ọ̀gá àjọ ń bọ̀ wá fọwọ́ sí ìwé mọ́ọ̀dù.

Ó wá olórí nọ́ọ̀sì lọ. Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é lẹ́yìn, nítorí ìdì kọ́kọ́rọ́ ìbàdí rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbọ́ kí wọ́n tó rí òun fúnra rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ dákun, kí ló dé tí àwọn àga wà nínú yàrá?"

"Áà, Àǹtí, ẹ káàbọ̀! Ṣé ẹ rí i bí wọ́n ṣe mọ́?"

"Eruku ti bò wọ́n, mà."

"Ara ọ̀rá nìyẹn. Ẹ ṣí ọ̀rá wò, ẹ ó rí i pé nǹkan kan ò ṣe àga."

"Mà, mo gbé wọn wá kí àwọn aláìsàn lè jókòó lé wọn ni."

"Àwọn wo? Àwọn tó wà níta yẹn?" Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ yọ ẹnu sí ọ̀nà bẹ́ǹṣì. "Ẹ ò mọ̀ wọ́n ni. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n máa fi bà á jẹ́. Kí àlejò wá dé, kó bá àga tó ti họ? Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n pè mí lọ́bùn ni?"

"Èsì mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi ńkọ́?"

Kò tilẹ̀ ta á lára. "Èmi ni mo ní kí nọ́ọ̀sì kan kọ ọ́. Wọ́n fún wa lẹ́bùn, ká wá máa sọ pé kò dáa? Ṣé wọ́n kọ́ yín bẹ́ẹ̀ nílé ni?"

Obìnrin náà kì í ṣe ìkà. Ó fẹ́ràn àga náà, bóyá ju ẹni tó yà á lọ, ìfẹ́ náà ló sì fi tì í mọ́lé. Ká ní ó kórìíra rẹ̀ ni, wọn ì bá rí ọ̀rọ̀ bá ara wọn sọ.

Ayàwòrán jáde sí ẹ̀yìn ilé, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹnikẹ́ni ò tíì jókòó lé e. Ẹyọ ẹnì kan!"

"Dákẹ́ jẹ́ẹ́. Jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí i ná. Èyí tí ò bá dáa níbẹ̀, a máa tún un ṣe tó bá yá."

"Mọ́ọ̀dù ni, Bọ̀ọ̀dá. Kò sí tó bá yá níbẹ̀."

"Ṣebí Màmá ń jókòó lé tiwọn, wọ́n sì ń dìde. Kí lo tún ń wá?"

"Màmá kì í ṣe gbogbo ayé."

"Wàhálà ẹ ti pọ̀ jù. Wọ́n fẹ́ fún ọ ní nǹkan, o tún ń bi wọ́n bóyá ó dá wọn lójú." Ó pa fóònù.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n to àga méjìlá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, tọ̀rá-tọ̀rá. Wọ́n ti bẹ́ǹṣì àtàwọn aláìsàn orí rẹ̀ sẹ́yìn kí wọ́n má baà wọ inú fọ́tò. Ọ̀gá àjọ dé, ó rìn yí àga ká, ó ń kan sáárá.

"Oṣù mẹ́ta, kò sì sí ojú ọgbẹ́ kan lára wọn! Ẹ wo bí ó ṣe lágbára tó." Ó ka èsì mẹ́ta nínú ìwé, ó mi orí, ó ṣí fáìlì. Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ayàwòrán wo báírò ọ̀gá bí ó ṣe ń sún mọ́ ìwé. Bí ó bá dákẹ́, àga rẹ̀ yóò di ẹgbẹ̀rún lọ́la. Òun pẹ̀lú fẹ́ ẹ. Ẹ má jẹ́ kí a parọ́, ó fẹ́ ẹ gan-an.

"Ẹ dákun, ẹ dúró ná, sà."

Ó mú abẹ tó fi ń gbẹ́ pẹ́ńsù nínú báàgì rẹ̀, ó fi ya ọ̀rá àga àkọ́kọ́ láti òkè délẹ̀.

"Yéè! Àǹtí!" Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ gbá àyà mú.

Ayàwòrán kò wo ẹ̀yìn. Ó lọ sí ibi bẹ́ǹṣì, ó kúnlẹ̀ fún ìyá àgbà kan tó rí kékeré, tó di káàdì rẹ̀ mú sáyà, ó sì bẹ̀ ẹ́ kó wá bá òun jókòó lé àga náà. Ìyá wo olórí nọ́ọ̀sì, ó wo àlejò, ó sì tẹ̀ lé e wá. Ó di apá àga mú, ó jókòó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀.

"Màmá, báwo ni àga yìí?" ni ọ̀gá bi í.

"Ó dára púpọ̀. Ẹ ṣeun, ẹ kú ìnáwó. Ọlọ́run á bá yín ṣe tiyín."

Ọ̀gá tún gbé báírò.

"Ẹ dìde, mà," ni Ayàwòrán wí.

Ìyá na ọwọ́ síwájú, ọwọ́ rẹ̀ kò dé iwájú apá àga. Ó rọra sún, ó tún na ọwọ́, ó já ṣubú sẹ́yìn. Lẹ́ẹ̀kẹta, kò na ọwọ́ mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì. Ó tẹ̀ síwájú, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé o fẹ́ kí n bú ọ níwájú àlejò ni?"

Ayàwòrán kúnlẹ̀ tì í. "Ẹ bú mi, mà. Mo bẹ̀ yín, ẹ bú mi."

Ìyá mí kanlẹ̀. "Ó ga jù. Ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀, apá ẹ̀ jìnnà sí mi. Láti ìgbà tí mo ti jókòó ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Ta lo wọ̀n?"

"Ìyá mi ni, mà."

"Ìyá ẹ ga. Èmi kọ́ ni mo bí ọ, ọmọ mi, àmọ́ èmi náà fẹ́ dìde."

Wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀. Ọ̀gá pa fáìlì dé pẹ́, ó ní kí wọ́n pe òun nígbà tí àga bá ti ṣe tán. Kò bínú, kò sì dá ọjọ́. Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ sin ín lọ sídìí ọkọ̀, ó ń tọrọ àforíjì lọ́nà méje. Nígbà tó padà, ó ní, "Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Ẹ ti ba tiyín jẹ́, ẹ ti ba tiwa jẹ́." Inú bí Ayàwòrán sí obìnrin náà, inú bí i sí ọ̀gá tó fẹ́ fọwọ́ sí àga inú ọ̀rá, inú sì bí i sí ara rẹ̀ jù, òun tó wọn ẹnì kan ṣoṣo tó sì rò pé òun ti wọn arúgbó.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa kó ẹrù rẹ̀ nígbà tí bàbá kan sọ̀rọ̀ láti orí bẹ́ǹṣì, ohùn rẹ̀ le bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ti há sí lọ́fun tipẹ́.

"Ìwọ ọmọ yìí, níbo lò ń lọ? Ọwọ́ òsì mi ti rọ. Apá méjèèjì lo fẹ́ kí n dì mú, kí ni kí n fi dì í? Wá, mi ò tíì bú ọ."