Wáyà Àwọ̀ Ewé

Kò sí àjà ilé tí Ọ̀gá Iná kò tíì gùn ládùúgbò náà. Tí iná bá kọ̀, òun ni wọ́n ń pè. Á wo sọ́kẹ́ẹ̀tì onílé tìkà-tẹ̀gbin, á mí kanlẹ̀, á ní, "Ta ló ba èyí jẹ́?" Kí onílé tó wí àwíjàre tán, iná ti dé. Ọkùnrin náà mọṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ mọ́ ọn. Ohun kan ṣoṣo ni kò mọ̀: kò mọ ohun tí wáyà àwọ̀ ewé wà fún.

Ẹ̀yin náà ti rí i rí. Wáyà mẹ́ta ló ń jáde lára ògiri. Pupa ń gbé iná wá, dúdú ń dá a padà. Àwọ̀ ewé ńkọ́? Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ máa ń so ó, òun náà sì ń so ó. Nígbà tó yá ló rí i pé bó so ó, bí kò so ó, gílóòbù ń tàn. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gé e dànù. Kó wá béèrè kẹ̀? Odidi ọ̀gá tó ti hewú lẹ́nu iṣẹ́, kó máa béèrè ohun tí ọmọ iṣẹ́ ń béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́!

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ì bá wà, ká ní ìyàwó rẹ̀ kò ra ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ọkọ ló fa wáyà sí i fúnra rẹ̀ ní ilé ìdáná. Àmọ́ nígbàkúùgbà tí obìnrin náà bá fọwọ́ kan ara ẹ̀rọ, ṣe ló ń fò sẹ́yìn.

"Bàbá àwọn ọmọ, nǹkan yìí tún gbé mi o!"

"Omi tó wà lọ́wọ́ rẹ ló pọ̀ jù."

"Ṣé kí n máa fi ọwọ́ gbígbẹ fọṣọ ni?"

Ọkọ rẹ́rìn-ín. Ó tú ẹ̀rọ náà wò, ó dè é padà. Lọ́jọ́ kejì, iná gbé ìyàwó rẹ̀ débi pé àwo bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọ́ yángá. Ọkùnrin yìí fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀, ẹ̀rù sì bà á gan-an pé iná yìí lè pa á. Ó fura sí wáyà àwọ̀ ewé. Ta ni yóò wá bi?

Ọgbọ́n kan sọ sí i lọ́kàn. Kò ní béèrè; ṣe ni yóò dán àwọn tó ń ṣiṣẹ́ iná wò. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù oníṣẹ́ iná ẹgbẹ́ rẹ̀ kan, ó káwọ́ sẹ́yìn.

"Jẹ́ n wò ó bóyá o ṣì mọṣẹ́. Kí ni wáyà àwọ̀ ewé wà fún?"

Ìyẹn wúkọ́. "Ọ̀rọ̀ tí ọmọdé mọ̀!"

"Sọ ọ́ kí n gbọ́."

"Ó wà fún... kí iná má baà ṣe àṣejù."

Ọkùnrin tó ń ta wáyà ní tirẹ̀ sọ pé kí àwọ̀ lè pé ni. Ọ̀gá Iná jáde, ó ń mi orí. Ó ku Kílèyí.

Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ni Kílèyí, obìnrin tó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ báyìí. Ọ̀gá Iná ló sọ ọ́ lórúkọ náà, torí kò sí ohun tí ọmọbìnrin yẹn rí tí kì í bi í pé kí lèyí wà fún. Ó bi í nípa wáyà àwọ̀ ewé náà lọ́jọ́ kan, ọ̀gá sì ní kó lọ gbálẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá mi."

"Mo wá dán ọ wò ni. Wáyà àwọ̀ ewé, kí ló wà fún?"

Ojú obìnrin náà tàn. Ó nuwọ́, ó jókòó dáadáa. "Kò yẹ kí n ṣíwájú yín. Ẹ sọ tiyín, kí n wò ó bóyá mo rántí bẹ́ ẹ ṣe kọ́ mi."

"Èmi ni mò ń béèrè!"

"Ṣé ẹ ń béèrè ni, àbí ẹ ń dán mi wò?"

Ọ̀gá kọjú sí òde. Ó ń fìbínú lọ, ó tiẹ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó rántí bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń gbọn ọwọ́ lórí àwo tó fọ́. Ó yíjú padà.

"Mò ń béèrè ni," ó ní, ohùn rẹ̀ ò ròkè. "N ò mọ̀ ọ́n. N ò mọ̀ ọ́n rí. Ẹ̀rọ ìfọṣọ ń gbé ìyàwó mi."

Kílèyí kò fi í ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. "Tí wáyà pupa bá bó nínú ẹ̀rọ, tó kan irin ara rẹ̀, iná á máa wá ọ̀nà lọ sínú ilẹ̀. Àwọ̀ ewé ló ń mú un lọ. Tí kò bá sí níbẹ̀, ara ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ló máa gbà kọjá."

Ọ̀gá ti fa fóònù yọ. "Ìyá àwọn ọmọ! Má fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn o! Yọ ọ́ lára iná!"

"Mo ti yọ ọ́ látìgbà tí àwo ti fọ́," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn. "Mo bi Kílèyí, òun ló ní kí n yọ ọ́."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Ẹ ò béèrè."

Ọ̀gá rọra jókòó. Kílèyí ti ń gbé ìdì wáyà àwọ̀ ewé kan sọ̀kalẹ̀ lórí pẹpẹ. "Ọ̀gá mi, àwọn ilé wo lẹ tún ti gé e dànù?"

Ọ̀gá Iná na ọrùn wo àdúgbò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ilé tí n ò tíì gé e ni kó o bi mí," ó ní. "Ìyẹn ló máa yára kà."