Aṣọ Òwú Orí Sítẹrió

Bí sítẹrió yẹn bá ti dákẹ́, ọkọ Àṣàbí náà á dákẹ́. Ohun tó ń jẹ obìnrin náà lọ́kàn nìyẹn, kì í ṣe ti ẹ̀rọ.

Àkàngbé, ọkọ rẹ̀, ti ń ránṣọ ní Mushin láti ìgbà tí orí rẹ̀ ti dúdú títí ó fi funfun. Ìró máṣíìnì àti ọjọ́ orí ti jùmọ̀ jẹ etí rẹ̀ tán. Tí èèyàn bá ń bá a sọ̀rọ̀, ẹnu tó ń lọ sókè sódò lásán ló ń rí. Fóònù tí àwọn ọmọ rà fún un, ó ní ńṣe ló dà bí ìgbà tí ẹ̀fọn bá kó sínú agolo. Ṣùgbọ́n sítẹrió àtijọ́ tó wà ní pálọ̀ yìí, èyí tó rà nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí Tìrìmísíyù àkọ́bí wọn, ó ń gbọ́ tirẹ̀.

Ẹ̀rọ náà wúwo bí ọlọ. Igi gidi ni wọ́n fi ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, iwájú rẹ̀ ń dán bíi fàdákà, tí wọ́n bá sì tàn án, iná aláwọ̀ aró kan á mọ́ lẹ́yìn gíláàsì rẹ̀ bí ojú ọ̀run ní ìdájí. Kì í sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Á kọ́kọ́ dúró díẹ̀, bí àgbàlagbà tó ń ro ìbéèrè wò kó tó fèsì, lẹ́yìn náà á dún “kẹ́” nínú, ohùn á sì jáde. Àkàngbé á yí bọ́tìnnì ohùn tó nípọn wálẹ̀, á yí ti ohùn tó mú gòkè, á fa àga rẹ̀ sún mọ́ sípíkà ńlá, á gbé ọwọ́ lé e. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn ará rédíò bá sọ, ó gbọ́ ọ nìyẹn.

Lẹ́yìn ìrun Àílà ni wọ́n máa ń ka ìròyìn, wọ́n á sì gba àwọn èèyàn láyè láti pè wọlé kí wọ́n kí ará ilé. Tó bá ti gbọ́ ọ tán, Àkàngbé á jáde síwájú ilé, á máa rò ó fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò sí ìgbà tí kò ní í bù mọ́ ọn, wọ́n mọ̀, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín. Tó bá wọlé, á tún pe ìyàwó rẹ̀: “Àṣàbí, o ò gbọ́ nǹkan tí wọ́n sọ.” Bẹ́ẹ̀, inú pálọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì jọ jókòó sí.

Iléyá ló kọjá tí àìsàn fi dé. Ẹ̀rọ náà á sọ̀rọ̀ díẹ̀, ìròyìn ò ní tíì dé ìdajì, yóò dún “kẹ́,” ohùn á sì pa rẹ́. Iná rẹ̀ á ṣì máa tàn o, bí ẹni tó lajú sílẹ̀ tí kò fẹ́ dáni lóhùn.

Tìrìmísíyù, tó ń ta ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì ní Ládìpọ̀, gbé e sínú ọkọ̀, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ Morákinyọ̀ tó ń tún rédíò ṣe ní Ojú Ẹlẹ́gbà. Níbẹ̀, ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n gbé e délé, ó tún yadi. Wọ́n gbé e padà, ó tún sọ̀rọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n,” Morákinyọ̀ sọ fún Tìrìmísíyù, “ṣọ́ọ̀bù mi wu ẹ̀rọ yín ju ilé yín lọ. Àbí ẹ kì í fún un lóúnjẹ ni?”

Àṣàbí ní tirẹ̀ mọ ẹni tó fa wàhálà. Ta ni ì bá tún jẹ́, bí kò ṣe Lubabah, ìyàwó Tìrìmísíyù, tó fi aṣọ tútù nu ẹ̀rọ náà nígbà tí wọ́n ń túlé ṣe de Iléyá?

“Ìyàwó, omi ọjọ́ yẹn ti wọnú rẹ̀.”

“Màmá, mo fún aṣọ yẹn gbẹ dáadáa kí n tó fi nù ún.”

“Aṣọ tí a bá fún gbẹ náà la ṣì ń sá sóòrùn.”

Láti ọjọ́ náà, tí Lubabah bá ń gbálẹ̀ pálọ̀, ńṣe ló máa ń fi ìgbálẹ̀ yà fún ẹ̀rọ náà bí ẹni tó ń yà fún ajá ońjàgídíjàgan.

Ọ̀sẹ̀ Iléyá kan náà ni Àṣàbí parí aṣọ tuntun tó ń hun fún sítẹrió náà. Nílé bàbá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọn kì í jẹ́ kí ohun iyì wà níhòòhò. Bí tẹlifíṣọ̀n ṣe ń daṣọ borí ni fíríìjì ń dà á. Aṣọ tí sítẹrió ń dà borí tẹ́lẹ̀, léèsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, eku sì ti jẹ ẹ́. Àṣàbí wá ra òwú tó nípọn, funfun àti àwọ̀ ewé, ó hun ún ní ìlọ́po méjì, ó gùn dáadáa tó fi bo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà dé orí tábìlì. Kò sí àlejò Iléyá tí kò yìn ín. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ gbé ẹ̀rọ lọ fún àtúnṣe, Àṣàbí á bọ́ aṣọ náà, á ká a sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ta ló ń wọ aṣọ àlejò lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì?

Nígbà tó yá, Tìrìmísíyù ní ó tó. Ó ra sípíkà kékeré kan tí fóònù ń darí, kò ju ìgò epo lọ. Bàbá rẹ̀ gbé e sétí, ó sọ ọ́ kalẹ̀ bí ẹni tó bu obì tó ti kẹ̀ jẹ.

“Ó ń kùn. Kò sọ̀rọ̀.”

Lẹ́yìn ìyẹn, Àkàngbé ò jáde síwájú ilé mọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá béèrè bóyá ara rẹ̀ ò yá. Ó mi orí. Kí ló fẹ́ bá wọn sọ? Àṣàbí á gbé oúnjẹ fún un, á jẹ ẹ́, á na ọwọ́ fún omi, kò ní í sọ pé iyọ̀ jù, kò ní í sọ pé kò tó. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí obìnrin náà ti ń gbọ́ pé iyọ̀ jù. Àìgbọ́ rẹ̀ wá ń dẹ́rù bà á.

Tìrìmísíyù rí ọmọkùnrin kan ní Yaba, Ayọ̀mípọ̀sí lorúkọ rẹ̀, tó ń ṣa irú àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jọ. Ó ní tó bàjẹ́ tó sunwọ̀n, òun máa gbé e. Wọ́n fi í sí Sátidé.

Àárọ̀ Sátidé, Àṣàbí fọ aṣọ òwú náà, ó sá a. Bí ẹ̀rọ náà bá máa lọ, kò ní í lọ bí ọmọ òrukàn. Ọmọ kì í relé ọkọ láìkó aṣọ dání.

Ayọ̀mípọ̀sí dé lẹ́yìn ìrun Àílà. Ó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà, ó wá lọ lóṣòó síwájú sítẹrió náà bí ẹni tó fẹ́ kí òun náà.

“Ọmọ mi,” Àṣàbí bi í, “kí lẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí fẹ́ fi nǹkan arúgbó ṣe? Èyí tó kéré bí ọṣẹ ló kún ìgboro.”

“Màmá, ariwo ni ìyẹn ń pa. Tí mo bá tan èyí, ó máa ń dà bíi pé olórin náà jókòó tì mí. Àti pé tó bá bàjẹ́, ó ṣe é tú. Ìyẹn, ààtàn ló ń lọ.”

“Ẹ jẹ́ ká tàn án ná kẹ́ ẹ rí àìsàn rẹ̀,” Tìrìmísíyù sọ. “Kí wọ́n má baà sọ pé ará Ládìpọ̀ tún ti fi ọjà bàjẹ́ gbá àwọn.”

Wọ́n tàn án. Ó dúró díẹ̀, ó dún “kẹ́.” Àkàngbé fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó gbé ọwọ́ lé sípíkà.

Gbogbo wọn jókòó, wọ́n ń retí kó dákẹ́. Ìròyìn parí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kí ará ilé. Kò dákẹ́.

“Ẹ ní sùúrù, á dákẹ́,” Tìrìmísíyù sọ. Ó ń wo ẹ̀rọ náà bí ìyá tó gbé ọmọ dé ọ̀dọ̀ dókítà tí ọmọ ò wá wúkọ́ mọ́.

“Bóyá ó ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ gbé òun lọ,” Lubabah sọ lẹ́nu ọ̀nà.

Ni Àkàngbé bá bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ gbọ́ ọkùnrin orí rédíò yìí? Ó ní kí wọ́n bá òun kí ìyá ìyàwó òun, kí wọ́n má kí ìyàwó.”

Ara Àṣàbí yá gágá. Bí ara rẹ̀ ṣe yá ni ojú ń tì í pé àlejò ń wo nǹkan wọn níhòòhò. Ó jáde lọ síbi okùn aṣọ. Aṣọ òwú náà ti gbẹ. Ó mú un wọlé, ó dà á bo ẹ̀rọ náà, ó fa etí rẹ̀ gún régé, ó padà jókòó.

Lubabah gbé omi tútù wá fún àlejò. Wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ Yaba àti ilé tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ dún “kẹ́.”

“Ẹ ò wá rí i,” Tìrìmísíyù sọ.

Àkàngbé ò gbé ọwọ́ kúrò. Ó dúró, ó tún dúró sí i, ó wá yí ojú sí ìyàwó rẹ̀, bí ẹni pé òun ló pa á.

Àṣàbí dìde. Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ náà. Orí ẹ̀rọ náà gbóná bí ọmọrí ìkòkò ẹ̀wà. Ó dúró síbẹ̀. Lọ́dọ̀ Morákinyọ̀, kò wọṣọ. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ tàn án lónìí náà, kò wọṣọ. Ọ̀ṣọ́ tí òun ṣe fún un ló ń fún un lọ́rùn.

Ayọ̀mípọ̀sí la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Àṣàbí juwọ́ sí i.

“Jẹ́ kó mí.”

Ó rọra bọ́ aṣọ náà, ó gbé e lé itan, ó jókòó. Nígbà tó ṣe, ẹ̀rọ dún “kẹ́,” obìnrin kan sì ń kí gbogbo ará Ìrẹsà.

Tìrìmísíyù wo aṣọ, ó wo ìyá rẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó ronú pé á dára kí òun máa wo ilẹ̀.

“Ìyàwó,” Àṣàbí pe Lubabah, “tó o bá ń gbálẹ̀ lọ́la, bá mi nu ojú ẹ̀rọ yìí. Eruku ti pọ̀ lára rẹ̀.”

“Ẹ ṣeun, Màmá. Ṣé kí n fún aṣọ náà gbẹ dáadáa?”

“Bó o ṣe máa ń fún un.”

Ayọ̀mípọ̀sí ò gbé nǹkan kan lọ. Ó kàn tọrọ àyè kí òun lè máa yà láti wá gbọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n sìn ín jáde tán, Àṣàbí wo aṣọ tó wà ní itan rẹ̀. Ó nà án síta, ó dà á bo sípíkà kékeré tí kò sẹ́ni tó ń lò. Aṣọ náà gbé e mì pátápátá, bí ọmọdé tó wọ agbádá bàbá rẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni Àkàngbé ti nawọ́ kàn án léjìká.

“Àṣàbí, o ò gbọ́ nǹkan tí wọ́n sọ.”

Àṣàbí ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn.

“Mi ò gbọ́,” ó sọ. “Rò ó fún mi.”