Àdúrà Tí Àkàngbé Kò Lè Ṣe Àmín Sí

Àkàngbé na ife irin rẹ̀ sí Ambrose.

"Gbà," ó ní.

Ambrose kò gbà á. Ó ń wo ife náà bí ẹni pé ejò ló wà nínú rẹ̀. Ọdún mẹ́rin rèé tí àwọn méjèèjì kò ti bára wọn sọ̀rọ̀, láti ọjọ́ tí Ambrose ti sọ pé ẹ̀kọ mímu ni sítáàṣì tí Àkàngbé ń pò. Ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ kan náà ni wọ́n jọ wà ní Sùúrùlérè. Ambrose ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé, Àkàngbé ń lọ aṣọ nínú ilé. Bí ọ̀rọ̀ bá pọn dandan, Caroline, ọmọge tó ń gba aṣọ lọ́wọ́ oníbàárà, ni wọ́n máa ń rán síra wọn.

"Gbà," Àkàngbé tún wí. "Má bínú sí mi."

Ambrose nu ọwọ́ mọ́ aṣọ. Ó gba ife.

Àkàngbé ti fún Caroline ní agbòjò rẹ̀ láàárọ̀. Ó ti gbá abẹ́ tábìlì rẹ̀ mọ́. Ó tilẹ̀ ti kí gbogbo oníbàárà tó wọlé, ohun tí kì í ṣe.

Iṣẹ́ ló fẹ́ fi sílẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ti lọ bá ọmọ wọn tọ́jú ìkókó ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì jókòó síbẹ̀. Ó ní afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀, òun kò padà sínú yàrá kan ní Mushin mọ́. Ọdún ti yí po. Àkàngbé fẹ́ lọ bá a, ṣùgbọ́n kò fẹ́ lọ bí olè. Olóògbé ọkọ Màmá Oyèníran tó ni ṣọ́ọ̀bù ló fún un níṣẹ́ nígbà tí kò mọ ẹnì kankan l'Ékòó. Ẹni tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ẹnu ọ̀nà ló yẹ kó gbà jáde. Kí ó parí ìjà, kí ó fi ẹrù tọrẹ, kí ó gba àdúrà lẹ́nu Màmá Oyèníran. Láìsí àdúrà yẹn, ọkàn rẹ̀ kò ní í balẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ohun tí kò rò ni pé ẹni tó fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ àti ẹni tí ikú ti ta lólobó, ìṣe kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ọdún Sáàpù sì ni, ètò ọrọ̀-ajé ìjọba tó sọ ayé di ọ̀wọ́n. Iléeṣẹ́ ń lé ènìyàn lójoojúmọ́. Ta ní ń fiṣẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́dún bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe òkú?

"Baba," Caroline ní, "kí ló dé tí ẹ ń pín ẹrù?"

Àkàngbé kì í fi gbólóhùn méjì ṣe iṣẹ́ ọ̀kan.

"Ilé ń pè mí," ó ní.

Caroline ká ọwọ́ lérí.

Nígbà tí Màmá Oyèníran ti ọjà Tẹ́júoṣó dé pẹ̀lú ọṣẹ àti búlúù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun, kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tí Caroline fi lọ sọ fún un létí. Ọṣẹ já bọ́.

Àkàngbé ṣí fìlà. "Ìyá, mo wá dágbére."

"Ẹ má dágbére!" Obìnrin náà gbá a lápá mú. "Kò síbi tí ẹ ń lọ! Mélòó lẹ tíì jẹ láyé?"

"Mo ti jẹ tó."

"Yéè!"

"Ó ti rẹ̀ mí, Ìyá. Mo fẹ́ sinmi."

"Yéè, mo gbé! Ambrose!"

Wọ́n tẹ́ ẹ sórí òkìtì bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì tí òtẹ́ẹ̀lì kan kó wá. Wọ́n bọ́ bàtà rẹ̀. Ó fẹ́ dìde, Ambrose jókòó lé e lẹ́sẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí," Ambrose ń sunkún. "Sítáàṣì yín dáa. Kò sí irú sítáàṣì yín ní gbogbo Sùúrùlérè."

Ọdún mẹ́rin ni Àkàngbé ti ń retí gbólóhùn yẹn. Ó dákẹ́ díẹ̀ kí ó lè gbádùn rẹ̀.

"Ohùn ti lọ!" Màmá Oyèníran figbe ta.

Wòlíì kan wọlé lákòókò náà. Aṣọ àdúrà rẹ̀ ló wá gbà. Wọn kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀, wọ́n ń rojọ́ fún un bí wọ́n ṣe ń fà á dé ibi òkìtì. Wòlíì wo ọkùnrin tó wà nílẹ̀, ó di ojú, ó bẹ̀rẹ̀.

"Àkàngbé kò ní í lọ!"

"Àmín!"

"Ilé tó ń pè é, kó dákẹ́!"

"Àmín!"

"Ọ̀nà tó fẹ́ gbà, kó dí!"

"Àmín!" Ti Ambrose ló lọ sókè jù.

Àkàngbé pa ẹnu mọ́. Ó ń ronú ọ̀nà Ìbàdàn. Láìsí àdúrà, ọ̀nà náà ń dí tó.

"Baba, ẹ ṣe àmín," Caroline bẹ̀ ẹ́.

"N kò lè ṣe é."

"Ẹ ṣe é, nítorí Ọlọ́run!"

"Nítorí Ọlọ́run náà ni n kò ṣe ní í ṣe é."

Wòlíì la ojú kan. "Ẹ̀mí náà lágbára," ó ní. "Ẹ gbé omi wá."

Garawa omi búlúù ló sún mọ́ wọn jù. Àkàngbé rí i bí ó ti ń bọ̀. Ẹ̀wù funfun ló wọ̀, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ẹ̀wù náà nítorí ìrìn àjò.

"N kò kú o!" ó ké. "Iṣẹ́ ni mo fẹ́ fi sílẹ̀!"

Wọ́n gbé garawa náà kalẹ̀. Ambrose rọra dìde lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Mo sì ti sọ pé sítáàṣì wọn dáa," ó ń kùn.

Màmá Oyèníran nu ojú. Lẹ́yìn omijé, ojú mìíràn ló kù.

"Iṣẹ́? Iṣẹ́ tèmi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Alágbàfọ̀ Ìtirẹ́ ló fà yín, àbí? Mo mọ̀! Ó ti pẹ́ tó ti ń wo ọwọ́ yín."

Ẹnu ya Àkàngbé. Nígbà tó ń kú, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́rùn rẹ̀. Ó yè tán, ó di ọ̀dàlẹ̀.

"Kì í ṣe ará Ìtirẹ́."

"Kí wá ni mo ṣe fún yín?"

"Ẹ kò ṣe nǹkan kan."

"Bàbá Oyèníran lọ, ẹ̀yin náà ń lọ." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ó wá ku èmi àti ilẹ̀kùn."

Àkàngbé ti mú ìdí kan bọ̀ láti ilé: orúnkún ń dun òun. Orúnkún bójú mu fún ẹni tó ti ní ọmọ-ọmọ. Ó ya ẹnu láti sọ ọ́. Ó wo obìnrin náà, orúnkún kò sì jáde.

"Àárò Àwẹ̀ró ń sọ mí," ó ní.

Caroline yí ojú sí ilẹ̀. Wòlíì pàápàá ń wo ilẹ̀.

"Àwẹ̀ró ìyàwó yín?"

"Òun ni."

"Ṣé ara rẹ̀ kò yá ni?"

"Ara rẹ̀ yá. Mo kàn fẹ́ máa rí i láàárọ̀ ni."

"Ọkọ Àwẹ̀ró!" Ambrose bú sẹ́rìn-ín. Màmá Oyèníran yíjú sí i, Ambrose gbé ẹ̀rín náà mì.

Obìnrin náà jókòó ti Àkàngbé lórí bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì.

"Bàbá Oyèníran kò dágbére," ó ní. "Ìwé ìròyìn ló ní òun fẹ́ lọ rà."

Àkàngbé mi orí.

"Ẹ máa lọ. Ilé á gbà yín o. Ẹ ó bá a láyọ̀, ẹ ó sì jọ pẹ́ níbẹ̀."

"Àmín," Àkàngbé ní.

Wòlíì náà ṣe àmín, ó wá béèrè aṣọ rẹ̀. Aṣọ kò tíì rí áyọ́ọ̀nù. Àkàngbé wọ bàtà, ó fẹ́ iná sí èédú, ó lọ aṣọ wòlíì dáadáa. Lẹ́yìn náà ni òun náà lọ.

Ọkọ̀ gbéra ní Ìdó. Àkàngbé gbé àpò rẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ń ronú gbólóhùn tó sọ nípa Àwẹ̀ró. Ó ti sọ ọ́ lójú wòlíì, lójú Caroline, lójú Ambrose. Gbogbo ọdún tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ti fi jọ wà, kò sọ ọ́ fún un rí. Bí ọ̀rọ̀ bá kún inú rẹ̀, ohun tó máa ń sọ ni pé ọbẹ̀ dùn. Bó bá dé ọ̀hún, Àwẹ̀ró yóò sì béèrè ohun tó gbé e wá.

Ògbómọ̀ṣọ́ jìn. Ó dúpẹ́ pé ó jìn.