Iṣẹ́ Tí Mo Pè Fún Bàbá Mi

Amọ̀kòkò ni Kuviran, bàbá mi, létí odò Vaigai. Bí ó bá ti ń po amọ̀ ló ń kọrin. Ọmọ oníṣòwò ìrẹsì ní ìlú Madurai ni wọ́n fi mí fún, ìyá ọkọ mi kì í sì í jẹ́ kí n gbàgbé pé ọmọ amọ̀kòkò ni mí. "Ìyàwó, rọra gbé ìkòkò yẹn o. Àbí torí pé ẹ ní púpọ̀ sí i nílé yín?"

Ọdún tí mo bí àkọ́bí mi ni bàbá mi wá kọrin níwájú ìpéjọ àwọn akéwì ní ààfin ọba. Èmi àti ìyá ọkọ mi wà láàárín èrò. Alágbẹ̀dẹ kan ló kọrin ṣáájú rẹ̀. Ìbátan ọba ló sún kí alágbẹ̀dẹ náà lè ráyè jókòó lórí ẹní. Bàbá mi wá kọ orin ìyá tó ń retí ọmọ rẹ̀ láti ojú ogun. Àwọn akéwì ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Nílẹ̀ wa, akọ̀wé á kọ ìlú àti iṣẹ́ akéwì mọ́ orúkọ rẹ̀ sára ewé ọ̀pẹ. Ó bi bàbá mi ní iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ikọ́ ti gbé bàbá.

"Ta ló mọ̀ ọ́n níbí?" ni akọ̀wé bèèrè.

Mo wo amọ̀ tó gbẹ sí èékánná bàbá mi. Mo wo ìyá ọkọ mi.

"Bàbá mi ni. Oníṣòwò ìrẹsì ni."

Ìyá ọkọ mi fi aṣọ bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, bàbá?" ni akọ̀wé wí.

Bàbá mi wò mí títí. "Bí ọmọ mi ṣe wí ni."

Ní ọjọ́ kẹta, mo sá tọ akọ̀wé lọ pé irọ́ ni mo pa. "Háà, obìnrin yìí! Wọ́n ti dà á kọ sí ewé méje, ó ti dé ilé àwọn ìjòyè. Èwo ni kí n lọ họ kúrò?"

Bàbá mi lo ọdún mẹ́sàn-án sí i láyé. Bí mo bá lọ kí i, láti ẹ̀yìn ọgbà rẹ̀ ni mo ti máa ń gbọ́ ọ tó ń kọrin. Bí mo bá ti wọlé báyìí, á dákẹ́.

"Ẹ máa kọ ọ́ lọ, bàbá mi."

"Orin amọ̀kòkò ni, ìyàwó oníṣòwò. Kò yẹ etí yín."

Ó fi ẹ̀yin pè mí, bàbá tó bí mi lọ́mọ.

Àwọn ọmọ ọmọ mi ń kọ orin ìyá yẹn báyìí. Wọ́n á ní ti Kuviran oníṣòwò ìrẹsì ni, wọ́n á máa yangàn. Ojú ń tì mí láti sọ òótọ́ fún wọn. Àwọn orin tó dá lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ńkọ́? Mi ò mọ ẹyọ kan.