Pèrègún Láàárín Ọsàn àti Kaṣú

“Ìyàwó, ta ló ní kí o gbin èyí sáàárín wa?”

Ọládayọ̀ kò tíì jókòó. Àwòrán tí Àràmídé, ìyàwó àbúrò rẹ̀, gbé ti ògiri pálọ̀ wọn ní Òmù-Àrán ló na ìka sí. Igi ọsàn tí Ọládayọ̀ fúnra rẹ̀ gbìn sí oko bàbá wọn ní Arandun wà lápá òsì, ó so wọ̀ǹtìwọnti. Igi kaṣú tí Ọlágúnjú àbúrò rẹ̀ gbìn wà lápá ọ̀tún. Láàárín méjèèjì ni pèrègún kan dúró ṣánṣán, láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

“Ẹ̀gbọ́n, kò sẹ́ni tó rán mi. Àyè ibẹ̀ ló ṣófo jù. Mo wá nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú máa kọ́kọ́ bà lé.”

“Ojú mi ti bà lé e. Pèrègún la fi ń pa ààlà oko. Ìyá wa ṣì wà láyé, ẹ ti pín ilẹ̀. Ẹ tún fẹ́ fi ta Ìyá lọ́rẹ, kí ẹ gbé e kọ́ sí pálọ̀ wọn lọ́jọ́ Ìsinmi!”

Kò dúró gba omi mu. Ọ̀kadà tó gbé e wá ló tún gbé e padà.

Ojú ti Àràmídé gan-an. Ìlọrin ni wọ́n ti tọ́ ọ. Iwájú ilé, láàárín òdòdó, ló ti mọ pèrègún. Iṣẹ́ náà sì dùn mọ́ ọn. Òun tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní àwòrán mọ̀ pé bí òun bá yọ ọ́, igi méjèèjì á kàn kọjú síra wọn bí ẹni tó fẹ́ jà ni. Síbẹ̀, ó po àwọ̀ koríko. Búrọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí Ọlágúnjú ọkọ rẹ̀ wọlé. Ó ro ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n fún un.

“Màá pa á rẹ́, kí n tó lọ bẹ̀ wọ́n.”

Ọlágúnjú wo àwòrán náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Fi í sílẹ̀.”

“Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ?”

“Mo gbọ́. Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ bá wọn sọ pípín ilẹ̀ yẹn. Ẹnu mi ò gbà á. O ti bá mi sọ ọ́.”

Inú bí Àràmídé, ó bí i ju ìgbà tí ẹ̀gbọ́n ń na ìka lọ. Odidi ọkùnrin, ó fẹ́ fi iṣẹ́ ọwọ́ ìyàwó ṣe agbẹnusọ!

“Bàbá Success, ẹ lọ fi ẹnu ara yín sọ ọ́ fún wọn.”

Ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ àwọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí pèrègún, ó ń kùn ún wálẹ̀. Kó tó kùn ún dé ìdí, Ọlágúnjú ti wọ bàtà rẹ̀ padà.