Omi Tí Ń Bọ̀ Lábẹ́ Oòrùn

"Ó yé yín?"

"Yékéyéké, Ọ̀gá Alálàyé," ni Ìyá Onítíì fèsì, ó ń nu etí ife.

Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ ní iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn náà. Bí Alálàyé bá ti kọ igba ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, ìdí tí òṣùpá fi ń tẹ̀lé èèyàn, ìdí tí irin fi ń dógùn-ún, á kà á sí etígbọ̀ọ́ obìnrin tó ń po tíì fún wọn. Bó bá ti yé e, olóòtú á gbà á. Kò sì sí èyí tí kò yé e rí.

Ti òní gbẹgẹ́. Òjò ti rọ̀ kọjá ààlà lókè odò lọ́hùn-ún. Lọ́la, wọn yóò ṣí ògiri ńlá tí wọ́n fi sé omi náà, omi yóò sì ya wọ ìlú lọ́sàn-án gangan. Kí ará etí odò yáa kúrò níbẹ̀.

Lójú fèrèsé, odò náà sùn sílẹ̀ bí aṣọ tí ẹnì kan tẹ́ gbàgbé. Fáànù ń yí, wọ̀ọ́, wọ̀ọ́. Oorun ń gbé Alálàyé lọ díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ tí wọ́n ń rẹ̀ lẹ́kún.

"Oòrùn yìí mà dáa o," Ìyá Onítíì ń dá sọ. "Ọmọ mi obìnrin á ráyè fọṣọ létí odò lọ́la."

Alálàyé lajú. "Ìyá, kí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà fún yín?"

Obìnrin náà wolẹ̀. "Ọ̀rọ̀ odò ni. Ó dùn létí."

"Ṣé ó yé yín?"

"Ọ̀gá mi, ẹ má bínú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe wàhálà tó báyẹn, kí n wá wò yín lójú, kí n ní kò yé mi? Ti òṣùpá yé mi o. Díẹ̀."

Olóòtú yọrí lẹ́nu ọ̀nà. "Alálàyé, ìwọ là ń dúró dè o!"

"Ẹ ṣì dúró, sà." Ó fa ìwé náà ya. "Ẹ jókòó, ìyá. Ibo gan-an lọmọ yín ń sá aṣọ sí?"

"Lórí àpáta pẹrẹsẹ ẹ̀gbẹ́ afárá yẹn."

Bó ti ń kọ ọ́ ló ń kà á: "Ìwọ tó o fẹ́ fọṣọ lọ́la, oòrùn á ràn sórí àpáta rẹ. Ṣùgbọ́n òjò tó ò rí ti rọ̀ níbòmíràn, ó sì ti ń bọ̀ lọ́nà. Kí aṣọ rẹ tó gbẹ, omi á ti bo àpáta náà, á bo ẹni tó dúró lórí rẹ̀."

Kò bi í bóyá ó yé e. Ìyá Onítíì ti gbé ife sílẹ̀, ó ń wá fóònù nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀.

"Ọmọ mi, o ò gbọdọ̀ dé orí àpáta yẹn lọ́la. Mo mọ̀ pé oòrùn á ràn. Fara balẹ̀, jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ọ."